Mànàmáná Lórí Bàrígà: Bí A Ṣe Lè Yà Á Lóru Láìní Kámẹ́rà Olówó Ńlá

Ní sáà tó kọjá, a ń wá àwòrán tí a máa lò sójú ewé àkọ́kọ́ fún àkójọ wa lórí àsìkò òjò. Ẹnì kan nínú wa fi fọ́tò mànàmáná kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Fọ́tò náà rẹwà. Gbogbo wa ti ń kan sáárá sí i kí ẹnì kan tó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, irú igi wo ló wà nísàlẹ̀ yẹn?" A fẹ fọ́tò náà lójú. Igi ilẹ̀ olótùútù ni, òkè ńlá tí yìnyín bò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkó wo ló ní yìnyín lórí òkè? A rẹ́rìn-ín títí, a sì pa fọ́tò náà tì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ òjò tó ń rọ̀ l'Ékòó lóṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ni mànàmáná máa ń ṣáájú, àwa sì ń lọ yá ti ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Palmgrove ni mo ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ìkòròdú. Fèrèsé yàrá mi kọjú sí Ṣómólú àti Bàrígà. Ohun tí mo ní kò ju fóònù mi àti kámẹ́rà tòkúnbọ̀ kan lọ, lẹ́ǹsì 18–55 tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo pinnu pé tiwa ni a máa lò lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè tán tí ẹ ṣì ń ka ìwé ìròyìn yìí.

Ohun tó ń mú kí fọ́tò dúdú

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, fóònù wà lọ́wọ́ mi, mo dúró lójú fèrèsé. Bí mànàmáná bá ti kọ, mo á tẹ fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́ títí òjò fi dá. Nígbà tí mo wò wọ́n, ojú ọ̀run dúdú ni gbogbo wọn, àfi méjì tí iná ilé kejì wà nínú wọn.

Ìdí rẹ̀ kò le. Mànàmáná kan sábà máa ń parí kó tó pé ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Nínú àkókò kékeré yẹn, ó lè sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ìdí nìyẹn tí ojú wa fi máa ń rí i bíi pé ó ń ṣẹ́jú. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ìka níṣẹ́, kí fóònù náà tó ṣe tirẹ̀, ó ti lọ. Ọdẹ tó bá fẹ́ fi pàkúté mú ẹran kì í dúró dìgbà tí ẹran bá kọjá kó tó dẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ti lajú sílẹ̀ kí mànàmáná tó dé. Tó bá lajú fún ìṣẹ́jú àáyá 10, mànàmáná tó bá kọ níwájú rẹ̀ láàárín 10 yẹn á kọ ara rẹ̀ sínú fọ́tò. Ẹ kò nílò ẹ̀rọ tó ń fura sí ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. William Jennings, ayàwòrán kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ya mànàmáná ní ọdún 1882. Kó tó dìgbà náà, àwọn ayàwòrán tó ń fi ọwọ́ kùn ún sábà máa ń ṣe mànàmáná wọ́gọwọ̀gọ bí eyín ayùn. Fọ́tò Jennings fi hàn pé ó pẹ̀ka bí gbòǹgbò igi tàbí bí odò tí a rí láti òkè. Ohun èlò tó ní kò tó èyí tó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ibo ni ẹ máa kọjú sí?

Àsìkò ni ẹ kọ́kọ́ máa mọ̀. L'Ékòó, òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí wọ oṣù Keje, ó ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, ó sì ń padà wá lóṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àsìkò náà ni àrá ń pọ̀ sí jù. Òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje máa ń pẹ́, ó máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kì í ní mànàmáná púpọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ya mànàmáná, kó má fi oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni ibi tí ìjì ti ń wá. Àwọn ìjì ńlá ilẹ̀ wa, àwọn tó máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí afẹ́fẹ́ tútù ń ṣáájú wọn, sábà máa ń wá láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Fún ẹni tó wà ní Palmgrove, ìlà oòrùn ni Ṣómólú, Bàrígà, lẹ́yìn náà ọ̀sà. Ìyẹn ni pé ìjì máa ń gba orí ọ̀sà kọjá kó tó kàn wá. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí kò sí ilé gíga lórí omi. Tí ẹ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé yín kọjú síbẹ̀, ẹ lè máa rí mànàmáná nígbà tí àrá rẹ̀ kò tíì dé etí yín.

Àkókò tó dára jù ni kí òjò tó dé. Tí ìjì bá ń rin kìlómítà 50 ní wákàtí kan, tí ó sì wà ní kìlómítà 25 sí yín, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni ẹ ní. Tí atẹ́gùn tútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ekuru àti náílọ̀n kiri, ó ti kù díẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, aṣọ funfun ni ẹ máa rí, ẹ kò ní rí ẹ̀ka mànàmáná. Ẹ má tíì palẹ̀ mọ́ o. Tí ìjì bá ti kọjá lọ sápá Múṣin àti Ìsọlọ̀, ẹni tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Òjò á ti fọ ekuru inú afẹ́fẹ́, ojú ọ̀run á sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àpò gàrí dípò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta

Kámẹ́rà tó bá máa lajú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe é. Èmi rọ gàrí bíi kóńgò méjì sínú àpò aṣọ, mo so ẹnu rẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé, mo wá tẹ kámẹ́rà sínú rẹ̀. Gàrí á gba ara kámẹ́rà mọ́ra, kò ní jẹ́ kó yẹ̀. Ẹ̀wà tàbí ìrẹsì ṣe é lò bákan náà. Fóònù lè fara ti agolo mílíìkì tó kún, kí ẹ fi aṣọ ìnujú ká a kó má baà yọ̀.

Fèrèsé ilé wa ní ìṣòro mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn: ẹ ṣí i, torí kámẹ́rà á máa wo nẹ́ẹ̀tì dípò ojú ọ̀run. Èkejì ni irin tí wọ́n fi dí fèrèsé nítorí olè: ẹ gbé lẹ́ǹsì sí àárín irin méjì, kí irin má wọ inú fọ́tò. Ẹ̀kẹta ni gíláàsì. Tí ẹ kò bá lè ṣí i, ẹ sún lẹ́ǹsì mọ́ ọn tímọ́tímọ́, kí ẹ sì pa iná yàrá, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín ló máa wà lójú ọ̀run.

Kí ojú fọ́tò lè mú, ẹ má fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti yàn fúnra rẹ̀, nítorí nínú òkùnkùn ó lè máa wá nǹkan kiri títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ wá iná kan tó jìnnà, bí iná pupa orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí ojú kámẹ́rà mú un dáadáa, kí ẹ wá yí i sí èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣe, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Àwọn nọ́ńbà

Ohun kan wà tó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú níbí. Ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú fọ́tò yín, ọ̀nà tí ẹ ń gbà kápá wọn sì yàtọ̀. Iná ìlú, bí iná òpópónà, ọkọ̀ àti ilé, kì í kú. Bí kámẹ́rà bá ṣe lajú pẹ́ tó ni iná ìlú á ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n mànàmáná ti kú kí kámẹ́rà tó dijú, nítorí náà, ì báà lajú fún ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 30, bákan náà ni mànàmáná ọ̀hún á ṣe mọ́lẹ̀ tó. Ihò lẹ́ǹsì àti ISO ni ẹ fi ń kápá mànàmáná. Iye àkókò ni ẹ fi ń kápá ìlú.

Lórí kámẹ́rà, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: lẹ́ǹsì ní 18 kó lè gba ojú ọ̀run púpọ̀, f/8, ISO 200, ìṣẹ́jú àáyá 10. Tí mànàmáná bá ṣì jìnnà tí kò hàn dáadáa, mo ń lọ sí f/5.6 àti ISO 400. Tó bá ti sún mọ́ tó sì funfun jù, f/11 àti ISO 100. Tí iná ìlú bá ń ba fọ́tò jẹ́, mo dín àkókò kù sí 5 tàbí 6, n kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ pa fíláàṣì. Tí kámẹ́rà yín bá ní ètò tó ń fọ fọ́tò òru lẹ́yìn tó bá ti yà á tán, ẹ pa òun náà, nítorí ó ń gba iye àkókò kan náà lẹ́ẹ̀kejì, mànàmáná tó dára jù sì lè kọ nígbà tó ń fọṣọ lọ́wọ́.

Ẹ máa ya ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn láìsinmi. Tí kámẹ́rà bá lajú fún 10, tó sì sinmi fún 2, ó ń ṣọ́ ojú ọ̀run fún 10 nínú gbogbo 12. Ìyẹn dára. Tó bá lajú fún 2 tó sinmi fún 2, ìdajì mànàmáná alẹ́ náà ló máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Kí ìka yín má baà mì ín, ẹ fi kámẹ́rà sí yíyà léraléra, ẹ ká bébà kékeré kan sórí bọ́tìnnì rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so owó dè é mọ́lẹ̀. Kámẹ́rà á máa yà lọ fúnra rẹ̀ títí ẹ ó fi tú u.

Tó bá jẹ́ fóònù nìkan ni

Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ibi tí wọ́n ń pè ní Pro nínú kámẹ́rà wọn. Tí tiyín kò bá ní in, ẹ wo Open Camera, ọ̀fẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù gan-an ló máa sọ bóyá ó máa gbà á láàyè láti yí nọ́ńbà. Ihò lẹ́ǹsì fóònù kì í sábà ṣe é yí padà. Tó bá jẹ́ f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 20 ti f/8. Ìdí nìyí tí mànàmáná itòsí fi máa ń di funfun báláú lójú fóònù. Nítorí náà, ISO 50 tàbí 100, ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 8, kí ẹ sì gbájú mọ́ mànàmáná tó jìnnà.

Tí fóònù kò bá gbà yín láyè rárá, ẹ ya fídíò. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Fídíò lásán ń gba àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí mànàmáná ti kọ, kí ẹ sì yọ àwòrán kan jáde níbẹ̀. Ẹ lè rí àwòrán tí ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ìdajì sì dúdú. Fóònù kọ́ ló bàjẹ́. Ńṣe ló ń ka àwòrán láti òkè sí ìsàlẹ̀, mànàmáná sì kọ nígbà tó kà á dé àárín. Ẹ wo àwòrán tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ

Ẹni tó bá gba Marina kọjá á mọ ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe ní 1964 fún olú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Yorùbá ti so iná ojú ọ̀run àti iná inú ilé pọ̀ lórúkọ kan. Àwa tí à ń gbé Palmgrove sì mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣe síra wọn: bí ti òkè bá ti ń dé, ti ilé á lọ.

Àwọn ará ilé á kígbe, "Wọ́n ti mú un!" Ẹ̀yin ẹ dúpẹ́. Ṣómólú tó ń tàn yòò tẹ́lẹ̀ á ṣókùnkùn, òrùlé ilé á wá di òjìji lábẹ́ ojú ọ̀run. Ibi tí ẹ ti ń lo ìṣẹ́jú àáyá 6, ẹ lè lọ sí 20 tàbí 30. Fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ti yà, àárín ìgbà tí wọ́n mú iná àti ìgbà tí ilé kejì tan jẹnẹrétọ̀ ni mo yà á.

Kíka àrá

Èyí tó kù yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí mànàmáná bá ti kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí àrá á fi sán. Gbogbo 3 tí ẹ bá kà jẹ́ kìlómítà kan. Tí ẹ bá ka 30, ó wà ní kìlómítà 10. Tí kò bá ti pé 30, ó ti lè kàn yín níbi tí ẹ wà, kódà kí ẹ̀kán òjò kan má tíì jábọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé ya òpè lórí èyí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ojú fèrèsé kò gba ojú ọ̀run tó, pé ká lọ sórí irin tí wọ́n gbé táńkì omi lé lẹ́yìn ilé. Mo tẹ̀ lé e. A ka àrá kan, 24. A ní ó ṣì jìnnà. A ka òmíràn, 12. Ọ̀rẹ́ mi ti gun irin náà dé ìdajì nígbà tí màmá onílé yọjú.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń wá nídìí táńkì? Àrá tó ń sán yìí, ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Fọ́tò la fẹ́ yà."

"Fọ́tò! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Tí àrá bá pa yín, ta ló máa wo fọ́tò ọ̀hún?"

A sọ̀ kalẹ̀. A ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí èyí tó tẹ̀ lé e fi kọ. Mi ò ka kọjá 3. Kìlómítà kan. Irin gíga tó dá dúró, tí omi wà lórí rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi dì mú ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú. A kò sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá, a sì lọ bẹ màmá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi èyí ṣe òfin. Inú ilé ni ẹ ti máa yà á, kì í ṣe orí òrùlé, bákónì, afárá tàbí etí ọ̀sà ní Bàrígà. Ẹ yọ fóònù lára ṣájà. Ẹ má fọwọ́ kan irin fèrèsé. Tí òǹkà bá ti wọ abẹ́ 30, ẹ fi kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ̀yin kúrò lẹ́bàá fèrèsé. Tí àrá ìkẹyìn bá ti sán, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó jáde. Kámẹ́rà tòkúnbọ̀ ṣe é rà padà.

Láti fóònù dé Ṣómólú

Tí ẹ bá ya fọ́tò 100 lóru kan tí ẹ rí mẹ́ta tó dára, ẹ gbìyànjú. Àwọn kan máa ń to mànàmáná mẹ́rin láti inú fọ́tò mẹ́rin pọ̀ sínú ẹyọ kan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ fọ́tò náà. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, irọ́ ni, ẹni tó bá sì mọ̀ kò ní gba fọ́tò yín mìíràn gbọ́ mọ́.

Tí ẹ bá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún un pọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, Ṣómólú tí ilé ìtẹ̀wé kún inú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn atẹ̀wé á béèrè bí fọ́tò ṣe tóbi tó. Bébà A4 ní 300 fẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 2480 sí 3508. Fọ́tò fóònù tó jẹ́ 4000 sí 3000 tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí ẹ yọ láti inú fídíò 1920 sí 1080 kò ní ju íǹṣì 6 lé díẹ̀ lọ ní fífẹ̀, ẹ fi ṣe fọ́tò kékeré. Bébà kì í tàn bí ojú fóònù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí òkùnkùn fọ́tò mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i kí ẹ tó gbé e lọ, kí òrùlé Ṣómólú má baà di ọ̀dà dúdú.

Mo ti ní ọ̀kan tó lè wọ ojú ewé àkọ́kọ́. Mànàmáná rẹ̀ pẹ̀ka sí ọ̀nà mẹ́ta lórí Bàrígà, òrùlé páànù sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú táńkì omi àti wáyà iná tó lọ́ pọ̀. Kò sí yìnyín, kò sí òkè. Tí tiyín bá dára ju tèmi lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí àkójọ tó ń bọ̀ tó jáde. Màá yọ tèmi kúrò tayọ̀tayọ̀.